Àgbàdo Inú Àká Àwẹ̀ró

Funfun ògì kọ́ ni mímọ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n wí fún Àwẹ̀ró ológì nìyí, lọ́jọ́ tó gbé ẹkún ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ síwájú Ìyá Ẹfúnwálé, arúgbó tó ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún. Ọmọ náà ti pé ọdún méjì, kò lè dá dúró, ibà pọ́njú kò sì fi í sílẹ̀. Àwọn ará ilé ti fẹ̀sùn àjẹ́ kan ìyá arúgbó mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó wo inú àká.

Àbẹ̀jẹ́, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, bá a lọ. Àwọn méjèèjì ló jọ ń ṣe ògì, àká kan náà ni wọ́n sì ní.

Àwẹ̀ró béèrè ẹran tí òun yóò fi rúbọ.

“Kì í ṣe ẹran,” ni ìyá náà wí. “Àgbàdo yín ti bu. Ẹ sá a sóòrùn, kí ẹ ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sun èyí tó bàjẹ́. Ẹ má fún adìyẹ jẹ, nítorí ọmọ ni yóò jẹ ẹyin rẹ̀.”

Àbẹ̀jẹ́ rẹ́rìn-ín. “Ìyá, láyé àwọn ìyá wa, omikan ló ń pa ẹ̀gbin àgbàdo. Ta ló ní àsìkò láti máa ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan?”

“Òórùn ni omikan ń pa. Kì í pa oró.”

Wọ́n pín àká sí méjì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Àwẹ̀ró fi ṣa tirẹ̀, ó sì ń sunkún nídìí iná, torí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló ti ń fi irú èyí bọ́ ọmọ náà. Àbẹ̀jẹ́ rẹ tirẹ̀ sómi bó ṣe wà.

Kí àgbàdo tuntun tó gbó, ọmọ-ọmọ Àwẹ̀ró ti ń rìn. Àbẹ̀jẹ́ sì ti sin àbígbẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ààfin, ọba pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má rẹ àgbàdo ògì ọmọ láìjẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àbẹ̀jẹ́ ló bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ àyẹ̀wò náà.

Ẹni tó rúbọ ń gbé ọmọ pọ̀n. Ẹni tó fi ẹbọ ṣẹ̀sín jókòó lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ó ń yí àgbàdo ọlọ́mọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìyá kan bá ní oòrùn ti ń lọ, kò ní gbé ojú sókè.

“Mo ní àsìkò,” ni yóò wí.