Ọlọ́dà Tó Ń Fọ Òkúta

Ọkùnrin ọlọ́dà kan wà ní ìlú kan tó wà láàárín òkè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa da ọ̀dà sí títì, ohun tó sì fi ń yangàn ni pé òun kì í po nǹkan kan mọ́ ọ̀dà òun. Ọ̀dà àti òkúta, ó parí. Kí òkúta tó dé inú ìkòkò tí wọ́n fi ń se ọ̀dà, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní láti fi omi odò fọ̀ ọ́ títí kò fi ní sí eruku lára rẹ̀ mọ́, bí ẹni ń fọ ẹ̀wà tó fẹ́ sè fún àlejò. Bí ó bá rí eruku díẹ̀, á ní kí wọ́n tún un fọ̀. Á ní, "Èmi kì í ṣe aládàlú."

Ìlú gbé títì òkè ilé ìgbẹ̀bí fún un ṣe. Òkè náà ga, oòrùn sì ń pa á láti àárọ̀. Ọ̀dà tí àwọn mìíràn dà síbẹ̀ ṣáájú ti yọ́ lábẹ́ táyà, débi pé obìnrin kan tó ń rọbí ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rí, tó di ọkọ rẹ̀ mú, tó fi ẹsẹ̀ gun ìyókù.

Àṣà ìlú náà ni pé kí wọ́n tó gba títì lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, wọn á gbé típà tó kún fún òkúta sórí rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ibẹ̀ ni yóò wà títí wọn yóò fi pe ìrun àsáárì. Bí táyà bá rì, wọn á gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ọlọ́dà náà á sì kó ìkòkò rẹ̀ kúrò nílùú.

Ọlọ́dà dúró ti apá ọ̀tún títì náà títí wọ́n fi dà á tán. Nígbà tó ku apá òsì, ó ní láti lọ síbi ìsìnkú àna rẹ̀. Bó ti ń lọ ni ó ń yíjú padà.

"Ẹ fọ òkúta mi dáadáa o."

"Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀."

Kò tíì kọjá afárá tí wọ́n fi da omi inú garawa nù. Omi pípọn ti sú wọn. Ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rí ohun kan: lẹ́yìn ìkòkò, níbi tí eruku òkúta àti èérún táyà àtijọ́ ti dàpọ̀ mọ́ ọ̀dà tó ń kán sílẹ̀, ilẹ̀ le débi pé dígà kì í wọ̀ ọ́, bí oòrùn tilẹ̀ mú. Wọ́n ti sọ ọ́ fún ọ̀gá, ó ní kí wọ́n kúrò níwájú òun. Nítorí náà wọ́n da òkúta sínú ìkòkò tòun ti eruku rẹ̀, wọ́n bu eruku sí i, wọ́n lọ gba èérún rọ́bà tí ẹni tó ń lẹ táyà ha sílẹ̀, wọ́n sì rò ó mọ́ ọ̀dà gbígbóná títí ó fi yọ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí ẹran inú ìkòkò jẹ.

Ọjọ́ ìdánwò ni ọlọ́dà tó mọ̀. Típà ti gun orí títì, táyà ọ̀tún wà lápá ọ̀tún, táyà òsì wà lápá òsì, awakọ̀ sì ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ jẹun. Àwọn àgbà ìlú jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ọlọ́dà rí i pé ẹni tó ń wa rólà fún òun ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Kò sí nǹkan, ọ̀gá. Apá òsì yẹn ni mò ń wò. Ó mà dúdú dáadáa o."

"Kí lẹ fi sí i?"

"Eruku díẹ̀ ni. Àti táyà."

"Táyà kẹ̀?"

Ẹni tó ń ro ọ̀dà dá sí i. "Ọ̀gá, a yọ ìrìmù rẹ̀ kúrò."

 Ọlọ́dà jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Ó rò ó pé kí òun sáré lọ bá awakọ̀, ṣùgbọ́n kí ni òun yóò sọ lójú àwọn àgbà? Ó tẹjú mọ́ apá òsì. Nínú ọkàn rẹ̀ ó ti ń di ẹrù, ó ń wá ọ̀nà tí òun yóò gbà jáde nílùú tí ẹnikẹ́ni kò fi ní rí òun. Oòrùn ń jó. Ọ̀dà ń rùn. Kò wo apá ọ̀tún rárá, torí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lórí ìyẹn.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun, awakọ̀ dé, ó wa típà kúrò. Ọlọ́dà di ojú. Nígbà tó là á, apá ọ̀tún, èyí tí wọ́n fọ òkúta rẹ̀ bí ẹ̀wà, ti rì. Adìyẹ lè yé ẹyin sínú kòtò táyà tó wà níbẹ̀. Apá òsì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ díẹ̀, ó sì padà sípò. Eruku ti dí gbogbo àlàfo àárín òkúta, ó ti mú kí ọ̀dà ki, rọ́bà kò sì jẹ́ kí ó yọ́.

"Ta ló ṣe apá òsì?" ni olórí àwọn àgbà bi í.

Irọ́ kan ti dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì. "Àwọn òṣìṣẹ́ mi ni. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ti ṣe é."

"Èwo wá ni tìrẹ?"

"Èyí tó rì, bàbá."

Ẹ̀rín bọ́ mọ́ wọn lẹ́nu lábẹ́ igi. Olórí ní, "Hú apá ọ̀tún, kí o ṣe é bí òsì. Ìkòkò rẹ kò lọ síbì kankan."

Ọlọ́dà mí kanlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tó ń ro ọ̀dà ní, "Ọ̀gá, ṣé kí a lọ pọn omi?" Ọlọ́dà ṣí fìlà rẹ̀, ó sì jù ú lu ọmọkùnrin náà.

Ìwọ olórí akọrin tí mo ń sọ èyí fún, o ti fọ ẹgbẹ́ rẹ mọ́. O lé ìyá tó máa ń pẹ́ dé, o lé bàbá tí ohùn rẹ̀ ti há, o lé àwọn aláwàdà tó máa ń jókòó lẹ́yìn. Àwọn olóhùn iyọ̀ nìkan ló kù, bí ọ̀rọ̀ bá sì ti gbóná díẹ̀, wọn kì í lè dúró tira wọn. Àwọn tí o dà nù bí eruku ló ń dí àlàfo àárín wọn. Àwọn aláwàdà ni rọ́bà rẹ: bí ọ̀rọ̀ bá tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, wọn á tẹ̀, wọn á sì padà sípò. Iṣẹ́ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Lọ pè wọ́n kí ọjọ́ Àìkú tó dé, má sì fọ̀ wọ́n kí o tó gbà wọ́n wọlé.