Ẹ̀gún Ẹ̀yìnkùlé Àwẹ̀ró

Àwọn àgbà ní, "A kì í retí ọmọ ká fi ẹ̀gún ṣọ́nà." Ẹ ó bi mí pé, ta ni orí rẹ̀ pé tí yóò ṣe irú ìyẹn? Ìyá ni. Ìyá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ló ṣe é.

Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Ìgè ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Gbogbo abúlé ló mọ ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Koríko kì í hù níbẹ̀ kó pẹ́. Lọ́jọ́ tí Ìgè ń lọ sí ìlú òkèèrè, àárín ọgbà yìí ló gbà bọ́ sọ́nà odò. Wọ́n sì máa ń sọ pé a kì í gbálẹ̀ lẹ́yìn arìnrìn-àjò, kí a má baà gbá àbọ̀ rẹ̀ dànù. Ilẹ̀ gbígbá ni wọ́n wí o. Àwẹ̀ró fi ọkọ́ kún un. Kò ro ọgbà mọ́.

Tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún hù, ó ga, ó bo ọ̀nà. Bí ará ilé bá ní kí àwọn bá a tu ú, ẹkún ni.

"Ẹsẹ̀ ọmọ mi wà níbẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀."

Ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ló ń jókòó sí lójoojúmọ́. Nígbà tí ẹ̀gún ga débi pé kò rí ọ̀nà odò mọ́, ó ń fetí sílẹ̀. Àárò Ìgè ń sọ ọ́ gan-an.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan láti abúlé kejì wá ra ẹ̀fọ́, kò mọ̀ pé ọgbà ti di ẹ̀gún. Ó wo ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹ̀yin ìyá, àbí ọgbà yìí ni ọkùnrin yẹn ń wí?"

"Ọkùnrin wo?"

"Mo bá a létí odò lóṣù tó kọjá, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ìgè ló pe ara rẹ̀. Ó ní òun dé ẹ̀yìn ọgbà ìyá òun, ẹ̀gún lòun bá. Ó ní bí ìyá òun bá wà láàyè, ẹ̀gún kò ní hù níbẹ̀, lòun fi padà láì bi ẹnikẹ́ni."

"Ó dà báyìí?"

"Ó ti sọdá odò, ìyá. N kò mọ ibi tó gbà."

Àwẹ̀ró kò sunkún. Ó mú ọkọ́. Ẹ̀gún ya á lọ́wọ́, ó wé àkísà mọ́ ọn. Èyí tó gé tún rú. Ó wá bu omi sí ìdí wọn, ó fà wọ́n tu tegbòtegbò, ó sì sun wọ́n. Láti ìgbà náà ló ti ń ro ọ̀nà yẹn láràárọ̀. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ó ń jókòó sílẹ̀ fi ọwọ́ tu ú.

Ìgè kò dé títí Àwẹ̀ró fi kú. Ọ̀nà mọ́ kedere lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde, ẹsẹ̀ Ìgè kò sì sí lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wí pé, a kì í retí ọmọ ká fi ẹ̀gún ṣọ́nà.