Yèyé Onípasẹ̀, Ẹlẹ́sẹ̀ Tí Iná Jó Tí Kò Ké

Ẹ̀yin ọmọ Onípasẹ̀, ẹ bọ́ bàtà yín sẹ́nu ọ̀nà, ẹ jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ yín mọ ilẹ̀ tó ń tẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí à ń wọ bàtà gbọ́. Láyé ọjọ́un, nígbà tí igbó ṣì ń bá ènìyàn du ilẹ̀, tí ẹfọ̀n ń mumi níbi tí àwọn obìnrin ti ń fọṣọ, ìlú méjì dó sí ẹ̀gbẹ́ Odò Ẹlẹ́rẹ̀: Ìdómọ̀rẹ̀ lápá ìlà-oòrùn, Ìgbáràn lápá ìwọ̀-oòrùn. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, ilà kan náà ni wọ́n ń kọ sójú, síbẹ̀ wọn kò fẹ́ràn ara wọn rárá.

Bí àgbàdo Ìdómọ̀rẹ̀ kò bá gbó, ọwọ́ Ìgbáràn ni. Bí ewúrẹ́ Ìgbáràn bá sọnù, Ìdómọ̀rẹ̀ ló mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Nígbà tí ìjà oyè dé ní Ìgbáràn, wọ́n ní Ìdómọ̀rẹ̀ ló ń ti ẹnìkan lẹ́yìn lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí òjò wó odi Ìdómọ̀rẹ̀, wọ́n ní ará Ìgbáràn ló yọ́ wá gbẹ́ ìdí rẹ̀. Kò sí ẹni tó rí wọn, kò sì sí ẹni tí kò gbà á gbọ́. Àwọn baba wa gbọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí wọ́n tilẹ̀ ń gbọ́ mi, ọ̀rọ̀ aládùúgbò máa ń sọ àgbà di ọmọdé.

Láàárín ìlú méjèèjì ni Àwẹ̀ró ń gbé. Ìgbáràn ni wọ́n bí i sí, Ìdómọ̀rẹ̀ ni ó lọ sílé ọkọ, nígbà tí ọkọ rẹ̀ sì kú láìfi ọmọ kankan sílẹ̀ fún un, ó kọ́ ahéré kan sórí àpáta létí odò, níbi tí kò sí ìlú tó lè pè é ní tirẹ̀. Obìnrin gíga ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ìka tó kéré jù ní ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì ti gé kúrò láti ìgbà èwe, nígbà tí ọkọ́ ṣá a lóko bàbá rẹ̀. Agbẹ̀bí ni. Òun tí kò bímọ ló ń gba ọmọ gbogbo ìlú méjèèjì.

Iṣẹ́ agbẹ̀bí nígbà náà ní òfin tirẹ̀, òfin tí ọkùnrin kò mọ̀ tí kò sì gbọdọ̀ bèèrè. Agbẹ̀bí kì í gba ojú ọ̀nà, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà. Kì í kí ẹnikẹ́ni, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n kí òun. Bí ó bá gbẹ̀bí tán, kò gbọdọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ilé ìkúnlẹ̀. Ẹ̀yìn ni yóò fi rìn jáde, tí yóò máa wo ọ̀kánkán ilé náà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi kan odò, kí ikú tó ń ṣọ́ ìkókó má baà rí i pé ẹ̀ṣọ́ ti kọ ẹ̀yìn. Èyí tó le jù níbẹ̀ ni pé ẹnu kan kò gbọdọ̀ sọ ilé tí agbẹ̀bí lọ, àfi ìgbà tí ọmọ bá ti gba orúkọ. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n bá dárúkọ ilé rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó lórúkọ, ọ̀nà tó bá wá ni yóò bá padà.

Ó wá di ọdún kan, lẹ́yìn ìyàn ńlá, òjò padà, oúnjẹ padà, oyún sì kún ìlú méjèèjì. Àwẹ̀ró kò rójú jókòó. Ẹrẹ̀ wà níbi gbogbo. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan àwọn ọkùnrin Ìdómọ̀rẹ̀ rí ojú ẹsẹ̀ lẹ́yìnkùlé wọn, ó ti odò wá láti apá Ìgbáràn, ó wọ ìlú. Wọ́n wá èyí tó jáde, wọn kò rí i. Nígbà tó yá òmíràn tún wọlé, lẹ́yìn rẹ̀ òmíràn, gbogbo ìka ẹsẹ̀ náà ló kọjú sí ilé, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó kọjú sí odò. Ẹni tó bá ń wọlé tí kì í jáde, níbo ló wà? Inú ilé wa náà ni.

Ìbẹ̀rù wọ ìlú bí ọ̀rinrin ti ń wọ ògiri. Wọ́n tú àká, wọ́n gun àjà, wọ́n fi ọ̀kọ̀ gún koríko òrùlé. Bí ẹnìkan bá wúkọ́ ní yàrá kejì, ará ilé a dákẹ́, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í fojú ka ara wọn. Àwọn kan búra pé àwọn gbọ́ mímí lórí ẹní tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí. Obìnrin kan gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó yíjú padà, ó ní ti inú abọ́ ti dín. Àwọn ọkọ tó fẹ́ ìyàwó láti òdìkejì kò jẹ ọbẹ̀ wọn mọ́ àfi tí ìyàwó bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ní Ìgbáràn náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí: ẹsẹ̀ ń ti odò wọlé láti apá Ìdómọ̀rẹ̀, kò sì jáde.

Wọ́n ránṣẹ́ síra wọn. Ìránṣẹ́ Ìdómọ̀rẹ̀ dúró létí omi, ó ní, “Ọba wa ní kí ẹ wá kó àwọn amí yín kúrò nínú ilé wa.”

Ti Ìgbáràn dáhùn láti òdìkejì, “Àwa ò rán amí kankan. Tiyín tó wà lọ́dọ̀ wa ni kí ẹ wá kó.”

Wọ́n pe ara wọn ní òpùrọ́, wọ́n sì túká. Bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì kò purọ́ nínú ohun tí wọ́n sẹ́.

Àwẹ̀ró gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí àpáta rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó mọ̀ pé tòun ni wọ́n ń wá. Ó ti rò ó láti máa fi ewé pa ojú ẹsẹ̀ náà rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fẹ̀yìn rìn, tí kò gbọdọ̀ gbójú kúrò ní ọ̀kánkán ilé, kò lè bẹ̀rẹ̀ kó tún máa gbálẹ̀. Láti sọ̀rọ̀ ńkọ́? Bí ọmọ kan bá ti gba orúkọ, òmíràn ti délẹ̀ tí kò tíì gbà á. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnu rẹ̀ ṣófo nínú ẹrù tí wọ́n dì sí i.

Nígbà tí ara kò gbà á mọ́, ọba Ìdómọ̀rẹ̀ pe ìlú jọ sí iwájú ààfin. Balógun Lákànlé, àbúrò ọba, akọni tí inú rẹ̀ kì í pẹ́ gbóná, ló dìde.

“Ẹ̀yin àgbà,” ló wí, “a ò mọ ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ ká kó erùpẹ̀ ojú ẹsẹ̀ náà sínú ìkòkò, ká da ata sí i, ká gbé e ka iná lọ́sàn-án òní. Ibi yòówù tó bá sá pamọ́ sí, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á jó, á sì ké. Ibi tí igbe bá ti wá, ilé amí nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ká lé gbogbo ìyàwó ará Ìgbáràn kọjá odò, ká sì gbé ogun tẹ̀lé wọn.”

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ láàárín àwọn obìnrin. “Kábíyèsí, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ wọn ẹsẹ̀ náà. Ó lè jẹ́ ará ilé ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ìyá, ẹ dákẹ́ jàre,” ni Lákànlé wí. “Ṣé èmi náà ló wá ń ṣe amí ara mi ni?”

Àwẹ̀ró bojú wo àwọn obìnrin bóyá ẹnìkan yóò gbè é lẹ́sẹ̀. Gbogbo wọn ń wolẹ̀.

Ó gba ẹ̀yìn ààfin wọlé tọ Olorì Àmọ̀kẹ́ lọ. Obìnrin yìí ti sin ọmọ títí ó fi ṣíwọ́ ẹkún, oyún tó sì wà nínú rẹ̀ lákòókò náà, aṣọ fífẹ̀ ló fi ń bò ó, ọba pàápàá kò mọ̀ pé oṣù rẹ̀ ti pé; Àwẹ̀ró nìkan ló ń yọ́ wá tọ́jú rẹ̀. “Olorì, jẹ́ kí n sọ,” ni Àwẹ̀ró bẹ̀bẹ̀. “Ẹsẹ̀ mi ni wọ́n fẹ́ dáná sun.”

Olorì di etí aṣọ Àwẹ̀ró mú. “Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo èyí tí mo ti sin, ẹnu ló pa wọ́n. Tí ẹ bá sọ, ẹ fọwọ́ ara yín sin èyí náà ni.” Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni omi oyún da sí i lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró, inú sì bí i: inú bí i sí Lákànlé, sí òfin, àti sí ọmọ tó rí gbogbo ọjọ́ tó sì yan èyí. Ó mọ ohun tó lè gbà á là. Ẹni tó bá ti ẹsẹ̀ bọ odò tó ń ṣàn, iná ìkòkò kò lè ràn án, odò náà kò sì jìnnà. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó dúró níwájú Olorì tó ti kúnlẹ̀, ó sì gbá èjìká rẹ̀ mú.

Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n ìkùukùu ti jẹ oòrùn. Wọ́n gbé ìkòkò ka iná ní Ìdómọ̀rẹ̀. Wọ́n sì gbé e ka iná ní Ìgbáràn lákòókò kan náà, nítorí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ìkà kan náà ló sọ sí wọn lọ́kàn. Ìlú dákẹ́. Adìyẹ kò tan ilẹ̀, ọmọ ọwọ́ kò sunkún, gbogbo ènìyàn ń tẹ́tí sí igbe.

Nínú yàrá, òórùn ata bẹ̀rẹ̀ sí í rú láti ilẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ Àwẹ̀ró kọ́kọ́ gbóná, lẹ́yìn náà ó ń ta, lẹ́yìn náà kò sí orúkọ fún ohun tó ń ṣe é mọ́. Olorì tó dorí kodò rí èéfín láàárín ìka ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró. “Ìyá, ẹsẹ̀ yín!”

“Má wo ẹsẹ̀ mi,” ni Àwẹ̀ró wí, ètè rẹ̀ ti bẹ́jẹ̀. “Ti ọmọ náà wá.”

Igbe kan ṣoṣo ló sọ ní Ìdómọ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, igbe ìkókó ni. Lákànlé àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sá lọ sẹ́yìn ààfin, ohun tí wọ́n sì rí níbẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gbé ọ̀kọ̀. Ojú ẹsẹ̀ ń hàn lórí ẹrẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń rú èéfín, kò sì sí ẹni tó dúró lórí rẹ̀. Ìka rẹ̀ kọjú sí wọn gan-an bí ẹni ń bọ̀ wá bá wọn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń jìnnà sí wọn. Gìgísẹ̀ ló ń ṣáájú. Olorì nìkan, láti ẹnu ọ̀nà, ló rí ẹni tó ń rìn, tó ń wo òun lójú, tí kò sì ṣẹ́jú.

Wọ́n tẹ̀ lé e dé odò. Ní òdìkejì, gbogbo Ìgbáràn ti ń rọ́ bọ̀ pẹ̀lú ọrun àti ọfà, nítorí gbogbo ojú ẹsẹ̀ tó wà nígboro wọn ló ń yọ èéfín. Àwọn ẹsẹ̀ náà gun àpáta. Méjì tó kẹ́yìn dúró pọ̀, wọ́n sì rì sínú òkúta bí ìgbà tí a bá tẹ ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Lẹ́yìn wọn kò sí nǹkan kan mọ́. Igbá tí Àwẹ̀ró fi ń wẹ ọmọ tuntun wà létí omi, omi inú rẹ̀ ń hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Lákànlé, arúgbó tó ti ń tẹ̀pá, gba àárín àwọn ọmọ ogun kọjá, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ pa ojú ẹsẹ̀ náà, níbi tí ìka kékeré kò sí. “Lákànlé, mo mọ ẹsẹ̀ yìí. Nígbà tí mò ń rọbí rẹ, tí mo dorí kodò, òun ni mò ń wò.”

“Èmi náà mọ̀ ọ́n,” ni obìnrin kan wí láti apá Ìgbáràn. Òmíràn sọ ọ́, òmíràn tún sọ ọ́, títí ohùn àwọn ìyá fi gba ẹ̀gbẹ́ odò méjèèjì kan. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Oníkálukú dákẹ́ nítorí ọmọ tirẹ̀, tàbí nítorí ọmọ ẹlòmíràn, wọ́n sì wolẹ̀ nígbà tí obìnrin náà ń wá ojú kan. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí dé egungun, n kò sì mọ ẹni tí ǹ bá dá lẹ́bi.

Lákànlé bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ òsì sínú ojú ẹsẹ̀ náà, èyí tó kọ̀ láti ṣe láàárọ̀. Ó bá a mu. Ìka rẹ̀ tó kéré jù sì kú tipiri níbẹ̀, kò jí mọ́ títí ó fi wọ káà ilẹ̀. Ogun kò ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà gba orúkọ, kò kú, òun ni ó kọ́kọ́ da òrí sí ojú ẹsẹ̀ yìí, òun sì ni ìyá ńlá tó bí àwọn tó bí mi.

Ìdí nìyí tí a fi ń kì í pé, Yèyé Onípasẹ̀, a-fẹ̀yìn-rìn-bí-ẹni-ń-bọ̀, ó ń lọ, a ní ó ń dé, ẹlẹ́sẹ̀ tí iná jó tí kò ké nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Ìdí nìyí tí a kì í fi í mú ata tàbí iná wọ ojúbọ rẹ̀, tó jẹ́ pé òrí, omi tútù àti omi ìgbín ni à ń dà sí i kí ara lè tù ú. A kì í kó erùpẹ̀ ojú ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ti olè. Àwọn kan ṣì wà ní Ìgbáràn lónìí tí wọ́n ní Ìdómọ̀rẹ̀ ló rán an. Àwọn kan wà níbí tí wọ́n ń dá a padà fún wọn. Ẹnu ayé lẹbọ.

Mo sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín gbé ẹ̀sùn wá lónìí, ẹ̀sùn àwọn ará òdìkejì, ohun tí wọ́n ṣe sí yín lábẹ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ẹ máa bọ̀. Òfin kò yí padà: fi ẹsẹ̀ òsì rẹ síbẹ̀ ná, bí ìka rẹ kò bá kú, kí o sọ̀rọ̀, gbogbo wa yóò gbọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ń tọ́jú ojúbọ yìí, kò tíì sí ẹni tó sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ fẹ̀yìn rìn, kí ẹ kọjú sí i. Bí ẹ bá sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kan tó lé láàárín yín, ẹ má wá ẹni tó ni ín. Ó ń sìn yín délé ni.