Àwọ̀ Pupa Inú Ìwé Àwọn Aláboyún

Mojírayọ̀ ni akọ̀wé ilé ìgbẹ̀bí Òkè-Ìrókò. Òun ló ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn aláboyún tó wà lórí kọ̀ǹpútà, ìwé tí wọ́n fa ìlà sí níbùú lóròó: orúkọ lápá kan, oṣù oyún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọjọ́ àyẹ̀wò tẹ̀ lé e, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kó tó dé, Mátírọ́ọ̀nù Ọdúnayọ̀, ọ̀gá wọn, ti lo ìwé náà fún ọdún mẹ́jọ gbáko. Funfun báláú ni, àwọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀. Obìnrin tí kò gbọdọ̀ bímọ lọ́dọ̀ wọn, tó jẹ́ pé ilé ìwòsàn ńlá ni kí wọ́n sáré gbé e lọ bí ìrọbí bá ti mú un, orúkọ rẹ̀ ni Mátírọ́ọ̀nù máa ń kùn ní pupa.

Ìwé náà kò wu Mojírayọ̀ wò. Ọwọ́ rẹ̀ yá lórí kọ̀ǹpútà, ó sì fẹ́ kí ayé mọ̀. Ó fi àwọ̀ ewé kun àwọn tí oyún wọn ti pé oṣù mẹ́sàn-án, ó fi àwọ̀ ojú ọ̀run kun àwọn tó jẹ́ oyún àkọ́kọ́ ni wọ́n ní, ó fi àwọ̀ ìyeyè kun ìyá ìbejì. Àwọn tí kì í wá sí àyẹ̀wò, tí wọ́n ń bí i nínú, pupa ló fi kùn wọ́n. Ó fi pupa kun àkọlé òkè pàápàá.

Mátírọ́ọ̀nù wò ó, ó ní, "Mojí, pupa yìí mà ti pọ̀ jù."

Mojírayọ̀ kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu, pé ẹni tí pupa náà tọ́ sí kò ju ẹyọ kan lọ, gbogbo àwọn sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ìlera wá bẹ ibẹ̀ wò, wọ́n yin ìwé náà, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ lọ. Orí akọ̀wé wú, Mátírọ́ọ̀nù sì panu mọ́.

Ẹyọ kan náà ni Ọmọ́táyọ̀, ìyàwó Làmídì káfíńtà. Fọ́tò inú tí wọ́n yà fún un ti fi hàn pé ibi-ọmọ ló dábùú ọ̀nà, ọmọ kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ tí ìrọbí mú un, Mátírọ́ọ̀nù àti Mojírayọ̀ wà ní abúlé kan, wọ́n ń gún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì Tẹ̀júmọ́lá, tí kò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ níbẹ̀, ló gbà á. Ọmọ́táyọ̀ ní ọ̀rọ̀ òun wà nínú ìwé. Nọ́ọ̀sì ṣí ìwé, ó rí orúkọ mọ́kànlá tó pupa, ti Ọmọ́táyọ̀ wà láàárín wọn; ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọjọ́ àyẹ̀wò wọn ṣófo.

"Ẹ kì í wá sí àyẹ̀wò, àbí?" ló bi í.

Ọmọ́táyọ̀ rántí pé òun pa ọjọ́ kan jẹ nígbà òjò, ó sì tọrọ àforíjì. Nọ́ọ̀sì ní kó máa rìn káàkiri títí ìrọbí yóò fi le. Nígbà tó máa di ọ̀sán, ẹ̀jẹ̀ ti bo ilẹ̀. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n rí ìyá gbà là, ṣùgbọ́n ọmọ ti kú.

Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún Mojírayọ̀. Ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kó lè jẹun. Mátírọ́ọ̀nù sọ fún un pé, "Èmi náà rí i, mo dákẹ́. A ó jọ lọ bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ìwọ ni yóò sọ̀rọ̀." Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n lọ, ọjọ́ tí wọn ì bá sọ ọmọ lórúkọ. Mojírayọ̀ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Làmídì, ó tẹ́ ìwé náà, tó ti tẹ̀ jáde sórí pépà láti inú kọ̀ǹpútà, síwájú wọn, ó sì jẹ́wọ́ ohun tó ṣe láìfi ọ̀kan pa mọ́.

Ìyá àgbà náà kò mọ̀wé. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Èwo ni ìyàwó wa níbẹ̀?"

Mojírayọ̀ na ìka. Ìka náà lọ sókè, ó bọ̀ wá sísàlẹ̀, ó tún lọ sókè. Òun tó kùn ún kò tètè rí i. Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìwé.

Ìyá àgbà di ọwọ́ náà mú. "Ọmọ mi, ó tó. Ọjọ́ tí wọ́n mú mi wọlé yìí, osùn ni wọ́n fi pa mí lára, kí ẹni tí kò mọ̀ mí rí lè dá mi mọ̀ láàárín èrò. Ká ní gbogbo obìnrin ilé ló kun osùn lọ́jọ́ náà, ta ni wọn ì bá pè ní ìyàwó?"

Ọmọ́táyọ̀ jókòó ti ògiri, ó fi ọwọ́ lé ikùn rẹ̀ tó ti ṣófo.

Lọ́jọ́ kejì, Mojírayọ̀ nu gbogbo àwọ̀ inú ìwé náà kúrò, ó sì dá pupa padà sí ipò tó wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ti jáde nílé Làmídì kí ó tó parí iṣẹ́ náà, òun ló sì wá di òwe lẹ́nu àwọn àgbà Òkè-Ìrókò títí dòní, pé ilé tí gbogbo èèyàn bá ti kun osùn, a kì í mọ ìyàwó níbẹ̀.