Ilé Ìgbẹ̀bí Ọyátúndùn àti Mórẹ́nikéjì

Láyé àtijọ́, ayé tí àárò rẹ̀ ń sọ wá títí dòní, kò sí ẹni tó lè ṣàdédé jí kó ní òun ti di agbẹ̀bí ní ìlú Ìgbódùn. Ọdún méje ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà, Ẹgbẹ́ Agbẹ̀bí yóò dán olúwarẹ̀ wò, bó bá sì yege, wọn yóò fi ide sí i lọ́rùn ọwọ́ níwájú ọba. Ẹni tí kò ní ide kò gbọ́dọ̀ ní ìpín nínú ilé ìgbẹ̀bí, ìbáà jẹ́ ọmọ ọba.

Ọyátúndùn ló lókìkí jù nínú wọn. Ogójì ọdún ló fi dá ilé tirẹ̀ ṣe, ọ̀pọ̀ àgbà tó ń kí i lójú ọ̀nà ló jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bọ́ sí nígbà tí wọ́n dáyé. Bó bá rántí ìgbà tí ìka rẹ̀ ṣì rọ̀, inú rẹ̀ a dùn, a sì tún bà jẹ́. Ara ti di tàgbà, oríkèé ọwọ́ ti wú, ó sì ń fẹ́ ẹni tí wọn yóò jọ ní ilé náà kó má baà pa rẹ́.

Àyìnkẹ́, ọmọ rẹ̀ tó lóyún sínú, ló mú lọ bá Olórí Ẹgbẹ́.

“Ìyá, ide ọmọ yín dà?”

“Ẹ̀jẹ̀ mi ni!”

“Kíkọ́ là ń kọ́ iṣẹ́ yìí, a kì í jogún rẹ̀. Mórẹ́nikéjì tí ẹ kọ́ ti gba ide. Ẹ pe òun.”

Inú bí Ọyátúndùn. “Mórẹ́nikéjì kúkúrú yìí? Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so ìwọ́ ọmọ?”

Mórẹ́nikéjì, tó wà níbẹ̀, kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú, ìyá mi. N kò ní kí a dọ́gba, kí a jọ ṣe é ni mo fẹ́.”

Ìyá náà kọ̀ jálẹ̀.

Kò pẹ́ tí Àyìnkẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ọmọ wáyé láàárọ̀, ó ké gbàá, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ kò dá. Mórẹ́nikéjì gbọ́, ó sáré wá láìpè. Àgúnmu tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró wà nínú kèrègbè, lórí pẹpẹ tí Ọyátúndùn tó ga fíofío ṣe sókè kí ọmọ ẹ̀kọ́ kankan má baà tú àṣírí òun wò. Mórẹ́nikéjì nawọ́, ó fò, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ọyátúndùn gbé kèrègbè sọ̀kalẹ̀, ó mì ín, àgúnmu ti dì mọ́ ìsàlẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ ọrùn kèrègbè náà, oríkèé tó wú kò jẹ́ kó wọlé. Ẹ̀rù bà á, ó bú sẹ́kún.

“Gbà á, ọmọ mi! Ìwọ kiwọ́ bọ̀ ọ́!”

Mórẹ́nikéjì kiwọ́ bọ̀ ọ́, ó ha àgúnmu jáde. Wọ́n pò ó mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná fún Àyìnkẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì dá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ọyátúndùn fa Mórẹ́nikéjì lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ Olórí Ẹgbẹ́, ó ní kí wọ́n fi orúkọ àwọn méjèèjì pe ilé náà.

“Ta ni yóò wá jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀?” ni Olórí fi ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ẹ lọ bi pẹpẹ,” ni Ọyátúndùn dáhùn, “kí ẹ sì bi kèrègbè.”

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.