Ewúrẹ́ Tó Jẹ Láfún Ọ̀fọ̀

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa, ṣùgbọ́n ta ló mọ ẹkún ta ni wọ́n ń sun lọ́jọ́ náà, ta ló sì mọ ohun tí wọ́n rí? Ọlọ́run má fi ẹkún ọmọ kàn wá. Ẹkún àgbà ni tiwa yìí.

Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Àmọ̀kẹ́ ló papò dà ní agboolé Oníṣu. Àṣà ilé náà ni pé ìyàwó tó kéré jù ni yóò máa fi oríkì sunkún òkú títí wọn yóò fi sin ín. Bó bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, wọn á ní inú rẹ̀ dùn sí ikú náà. Àyọ̀ká ni ìyàwó ọ̀hún. Gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ pé òun àti ìyakọ rẹ̀ yìí kì í fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Moróunrántí, àkọ́bí olóògbé, wá tẹjú mọ́ ọn bí ológbò tó ń ṣọ́ ihò eku.

Àyọ̀ká ń sunkún lọ ló bá rí ewúrẹ́ tó ki ẹnu bọ igbá láfún ní ilé ìdáná. Láfún ọ̀hún ni wọ́n fẹ́ fi rokà fún àwọn ẹbí òkú tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Bó bá dìde, ó di ọ̀tá òkú. Bó bá jókòó, ebi ni yóò pàdé àlejò, òun náà ni wọn yóò sì bi. Ló bá fi ọ̀rọ̀ sínú ẹkún:

"Àmọ̀kẹ́ ọmọ oníṣu ọmọ alágbàdo,
Ìyá mi lọ, ilé ṣófo o!
Ewúrẹ́ Baba Ajíṣafẹ́ ò mọ̀fọ̀,
Ó ti ki ẹnu bọ láfún àlejò o!"

"Háà, ìyàwó wa mà mọ̀ ọ́n sun o!" ni àwọn èrò wí, wọ́n sì bú sẹ́kún gidi. Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Ewúrẹ́ gbórí sókè, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, ó tún dorí kodò.

Ara Àyọ̀ká ò gbà á mọ́. Ó fò dìde, ó fa ọmọrogùn yọ, ó gbá tẹ̀lé ewúrẹ́. "Àmọ̀kẹ́ o! Jáde ńbẹ̀! Ọmọ oníṣu o! Olè!"

"Ìyàwó!" Moróunrántí figbe ta. "Ẹkún ìyá mi ti tán lójú rẹ nìyẹn?"

Àyọ̀ká kúnlẹ̀, omijé lẹ́rẹ̀kẹ́, ọmọrogùn lọ́wọ́. "Kò tán o, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran."

Baba Ajíṣafẹ́, olórí ilé tó tún ni ewúrẹ́, yọjú wo igbá. "Moróunrántí, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ìyá rẹ fúnra rẹ̀, bó bá rí ohun tí ewúrẹ́ yìí ṣe, á dìde nílẹ̀ lé e."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀fọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Moróunrántí pàápàá rẹ́rìn-ín títí, ó nu ojú, ó sì lọ bá Àyọ̀ká ku láfún tó ṣẹ́kù.

Bí ìbànújẹ́ bá dé bá ènìyàn, tó wá fẹ́ tìtorí rẹ̀ pa ilé, ọmọ tàbí iṣẹ́ rẹ̀ tì, ìgbà náà ni àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí fún un. Wọn ò ní kó má sunkún o. Kó sáà la ojú sílẹ̀ ni, torí pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.