Ẹ̀bi Bùsárì

Ní Ẹdẹ, bí àwọn ará ilé bá ń gbìmọ̀ láti lé ẹnì kan jáde pé òun ló ń ba gbogbo nǹkan jẹ́, àgbàlagbà kan á dá sí i pé: "Ẹ rọra o. Ẹ̀bi Bùsárì ló so ẹgbẹ́ pọ̀." Àlejò á gbọ́ ọ, kò ní yé e. Okùn ń so nǹkan pọ̀, ìfẹ́ náà ń so ènìyàn pọ̀. Ìgbà wo ni ẹ̀bi di okùn?

Bùsárì yìí kì í ṣe ará ayé àtijọ́. Láyé ṣòkòtò bóńgò ni, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń dá irun sí bí igbó. Òun ló kọ́kọ́ gbé gìtá wọ àdúgbò, òun ló sì dá Ẹgbẹ́ Àrá sílẹ̀, àwọn olórin rọ́ọ̀kì tí ariwo wọn ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Ó wá Múfú onílù, ó wá Àlàní tó ń ta gìtá kejì, ó sì fa Moríli kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kó wá máa kọrin. Kí ọdún tó yípo, Moríli àti Àlàní ti ń fẹ́ra.

Ká má purọ́, Bùsárì ò mọ gìtá ta. Ìka rẹ̀ le bí ìtì igi, kì í sì í tètè dé ibi eré. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá bàjẹ́, òun ni. Orin dàrú, "Bọ̀dá Bùsárì ni!" Iná lọ, "Bọ̀dá Bùsárì ni!" Lọ́jọ́ tí òjò pa wọ́n, òun náà ni wọ́n yíjú sí.

Wọ́n lọ ṣeré fún ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìrágbìjí. Láàárín orin, Moríli la ẹnu, kò bá ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Bó ti ń sún sẹ́yìn ló tẹ wáyà iná, ó yọ, ohun gbogbo sì kú pii. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ hó yèè. Kó sọ pé òun ni, kò sọ.

"Bọ̀dá Bùsárì ni!" ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pariwo.

Bùsárì ń bọ̀ láti ìkángun ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ó ń di ṣòkòtò rẹ̀. "Ṣáláńgá ni mo wà o."

"Ìyẹn gan-an ló fà á," Àlàní dáhùn.

Bùsárì ki gìtá rẹ̀ bọ àpò. "Ẹgbẹ́ ni mo dá sílẹ̀," ó ní, "n ò dá ẹ̀bi sílẹ̀." Ló bá kọrí sí abúlé ìyá rẹ̀, ó lọ ń sin pẹ́pẹ́yẹ.

Inú wọn dùn! Wọ́n pa adìẹ jẹ. Itan tí wọ́n fún Moríli kò dùn lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ ó jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí wọ́n tún pàdé, ìlù àti gìtá ò bára mu. Múfú la ẹnu: "Bọ̀dá Bù..." Kò sí Bùsárì. Ojú rẹ̀ yí yàrá ká, ó balẹ̀ sára Àlàní.

"Àlàní, ìwọ ni."

"Èmi kẹ̀? Ìwọ tó ń lu ìlù bí ẹni ń pa ejò?"

Ogun dé. Kí oṣù tó tán, Múfú ti ru ìlù rẹ̀ lọ sílé, Àlàní sì ti sọ fún Moríli pé ohùn rẹ̀ dà bí ti ewúrẹ́ tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, pé bí òun bá fẹ́ ẹ, òwú lòun á máa fi di etí sùn. Moríli sunkún, ó bínú, ó tún sunkún. Nígbà tí omijé gbẹ ló tó rí i: ẹnì kan ṣoṣo ló ti ń ru ìgbẹ́ gbogbo wọn, wọ́n sì ti lé agbépóò lọ.

Ó wá Bùsárì lọ sí abúlé, ó kúnlẹ̀ láàárín pẹ́pẹ́yẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà."

"Kí n wá ta gìtá?"

"Ha, rárá o! Ẹ ò mọ̀ ọ́n ta."

Bùsárì rẹ́rìn-ín títí àwọn pẹ́pẹ́yẹ fi sá. "Kí wá ni kí n wá ṣe?"

Moríli tẹjú mọ́lẹ̀. "Èmi ni mo gbàgbé orin ní Ìrágbìjí. Èmi náà ni mo tẹ wáyà."

"Mo mọ̀. Mo rí ọ bí mo ṣe ń jáde."

"Ẹ ò sì sọ?"

"Èmi ti mọ bí wọ́n ṣe ń ru ẹ̀bi. Ìwọ ò tíì mọ̀ ọ́n." Ó gbé e dìde. "Lọ sọ fún àwọn náà. Màá dé lọ́jọ́ Jímọ̀."

Moríli sọ fún wọn. Àlàní ní òun náà kì í tún okùn gìtá òun ṣe. Múfú ní òun ò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Wọ́n wò ó. Ó ní ó dáa, díẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Bùsárì dé lọ́wọ́ òfo, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Orin bẹ̀rẹ̀, ó dàrú. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, ó nawọ́ sókè: "Èmi ni." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n tún un mú láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà tún pẹ́ láyé. Moríli àti Àlàní parí ìjà, wọ́n ṣe ìyàwó. Bí ọbẹ̀ bá jóná, wọ́n á ní Bọ̀dá Bùsárì ni, àwọn méjèèjì á sì mọ ẹni tó gbàgbé iná.

Nítorí náà, kí ẹ tó lé ẹni tí ẹ ń bú, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ara rẹ̀ ló ń gba òkúta tí ẹ̀ bá máa sọ lu ara yín. Ẹ̀bi Bùsárì ló so ẹgbẹ́ pọ̀.